Ẹlẹ́rìí Tí Kò Wo Ohun Tó Jẹ́rìí Sí

Ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kan tí àwọn tó ń wá ọmọ máa ń lọ, yàrá kan wà tí aláìsàn kankan kì í wọ̀. Kò ní fèrèsé. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ẹni pé olè ni afẹ́fẹ́ ìta. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà, kò gbọdọ̀ kun ètè, kò sì gbọdọ̀ wọ bàtà tó wọ̀ wá láti ilé. Inú yàrá yìí ni obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lo ọdún mọ́kàndínlógún. Ọkọ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, a máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, “Ìyàwó mi kò ní òórùn kankan lára. Bí iná bá kú nílé wa, àfi kí n pè é kí n tó mọ ibi tó jókòó sí.”

Màmá Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kò sì sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Nínú yàrá náà, ẹnì kan kì í dá gbé ohunkóhun. Bí ọ̀gá bá fẹ́ mú ẹyin obìnrin, tàbí àtọ̀ ọkùnrin, tàbí ọlẹ̀ tí méjèèjì ti para pọ̀ dà, láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dúró tì í, kí ó fi ojú ara rẹ̀ ka orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára ohun tí ọ̀gá gbé lọ́wọ́, kí ó kà á sókè, kí ọ̀gá sì fi wé èyí tó wà nínú ìwé. Òfin ọ̀hún kò gùn: ka ohun tó wà níwájú rẹ, má ka ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Ẹni tó bá ń ka ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí mọ́. Agbọ́rọ̀sọ lásán ni.

Ọ̀gá wọn jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, tí kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn tí ẹlẹ́rìí bá ti kà tán, yóò béèrè pé, “Ṣé ó dá ọ lójú?” Ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì sì sọ ọ́ nìyẹn: Ṣé-Ó-Dá-Ọ-Lójú. Wọ́n ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nígbà tí ìyàwó dáhùn níwájú gbogbo ènìyàn pé òun gbà láti fẹ́ ẹ, òun fúnra rẹ̀ ló yíjú sí i tó bi í léèrè bóyá ó dá a lójú.

Kì í ṣe àìrọ́mọbí nìkan ló ń gbé àwọn ènìyàn wá síbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé irú ọmọ tí wọn kò tíì rí ni wọ́n ń wá. Kí irú wọn tó dé, wọ́n á ti gbìyànjú ohun tí etí ọmọ ènìyàn ń gbọ́ láti ọdún gbọọrọ. Ọkọ kan ti ka ọjọ́ oṣù ìyàwó rẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà bí ẹni ń retí ìdìbò. Ìyàwó kan ti fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan sùn fún ọdún kan gbáko, ohun tó sì rí níbẹ̀ ni èjìká ríro. Òmíràn jẹ iyọ̀ títí tí ìfúnpá rẹ̀ fi ga. Nígbà kan rí, ilé ìwòsàn náà pàápàá ní ẹ̀rọ kan tó ń yí àtọ̀ bírí bírí, pẹ̀lú ìrètí pé àwọn tó máa bí obìnrin wúwo díẹ̀, pé wọn á rì, kí àwọn tó máa bí ọkùnrin sì léfòó. Wọ́n yí i, wọ́n yí i. Ọmọ tó bá wu ara rẹ̀ ló ń wá.

Ọ̀nà tó wá múlẹ̀ lẹ́yìn náà yàtọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún tí ọlẹ̀ ti wà nínú àwo, wọ́n á fi ohun èlò tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ bu sẹ́ẹ̀lì mélòó kan lára apá tó máa di olóbì, wọn kò ní fọwọ́ kan apá tó máa di ọmọ, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò wọ inú òtútù lọ dúró de èsì. Àrùn ni wọ́n dá àyẹ̀wò náà sílẹ̀ láti wá, ṣùgbọ́n ojú tó ń wá àrùn kò lè ṣe kó má rí akọ àti abo. Ilé ìwòsàn náà gbà pé tọkọtaya tó bá ti bí ọmọ méjì tí wọ́n jẹ́ irú kan náà lè yan èkejì. Ìdọ́gba ìdílé ni wọ́n ń pè é nínú ìwé wọn. Màmá Ẹlẹ́rìí ti ṣàkíyèsí pé ìdílé mọ́kànlélógójì ló ti wá wá ìdọ́gba lójú òun, àti pé lójú mẹ́rìndínlógójì nínú wọn, ọmọkùnrin ló ń jẹ́ ìdọ́gba. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọn kò gbà á síṣẹ́ kó máa sọ èrò rẹ̀. Kí ó kàn wò, kí ó sì ka ohun tó rí, ló wà fún.

Nínú àwọn mẹ́rìndínlógójì yìí ni káfíńtà kan àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ wà. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n ti bí. Ọlẹ̀ méjì tí ara wọn dá ló jáde nínú àyẹ̀wò tiwọn: nọ́ńbà kejì, obìnrin, nọ́ńbà kẹrin, ọkùnrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ọlẹ̀ sínú aránṣọ náà, ìyá ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn wá, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ láàárín orúnkún méjèèjì, ó sì dá Màmá Ẹlẹ́rìí dúró bó ṣe ń kọjá lọ.

“Ìwọ ni wọ́n ní ò ń tọ́jú wọn nínú yìnyín?”

“Èmi àti ọ̀gá mi ni, Mà.”

“Ṣé wọ́n máa ń sunkún?”

“Rárá, Mà. Wọn ò tíì ní ẹnu.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò lẹ́nu nìkan ni kì í bá ìyá ẹ̀ jiyàn.” Ìyá àgbà náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Bá mi mú èyí tó jẹ́ ọkùnrin o. Dákun.”

“Màmá, wọ́n ti gbọ́,” ni aránṣọ náà sọ, tó ń wo ilẹ̀.

“Wọ́n ti gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ọ́ tán. Nọ́ńbà wo ni tiwa?”

Kò yẹ kí Màmá Ẹlẹ́rìí dáhùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá náà gbóná. “Mẹ́rin ni, Mà.”

“Mẹ́rin. Ṣé o gbọ́? Mẹ́rin. Máa sọ ọ́ lọ bó o ṣe ń lọ yẹn, kó má bọ́ lẹ́nu rẹ.”

Ó sì ń sọ ọ́ lọ. Àṣìṣe ọ̀hún kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú ọ̀pá ike tín-ín-rín ni wọ́n ń fi ọlẹ̀ pamọ́ sí, ọ̀pá ọ̀hún á sì wà nínú àgbá nitirójìn tí òtútù rẹ̀ ń bó awọ ènìyàn bí iná. Méjèèjì tó jẹ́ ti káfíńtà dúró ti ara wọn nínú ife kékeré kan. Bí wọ́n bá ti fa ọ̀kan sókè, kò gbọdọ̀ pẹ́ lójú afẹ́fẹ́. Kí ènìyàn tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó gbọ́dọ̀ ti wọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ọ̀gá fi ẹ̀mú fa ọ̀pá kan jáde láti inú èéfín funfun. “Kà á,” ló wí. “Mẹ́rin,” ni ẹnu obìnrin náà sọ. Ojú rẹ̀ wà lára ọ̀pá náà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú lè wà lára nǹkan kó má rí i, bí ọkọ ṣe máa ń wo ìyàwó tó ń rojọ́ fún un nígbà tí ìròyìn ń lọ lọ́wọ́.

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú, sà.”

Ní yàrá kejì, dókítà fi ọlẹ̀ náà sílé ọmọ. Aránṣọ wo ojú ẹ̀rọ, ó rí àmì funfun kan tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. “Ẹ káàbọ̀ o, ọkọ mi,” ló sọ fún un. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá lẹ́yìn náà, Màmá Ẹlẹ́rìí ń palẹ̀ tábìlì mọ́, ó mú ọ̀pá tó ti ṣófo, ó sì kà á. Èjì ló wà lára rẹ̀. Ó yí i sápá ọ̀tún, ó yí i sápá òsì, àfi bí ẹni pé bí a bá yí èjì dáadáa yóò di mẹ́rin. Ọ̀gá rẹ̀ wà ní ìtòsí, ó ń fọwọ́. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó pè é nígbà náà gan-an. Ohun tó ṣe ni pé ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi wé ọ̀pá náà, ó sọ ọ́ sínú àpò àwọn ohun tí wọ́n máa ń sun, ó sì lọ sídìí ìwé ńlá tó ń sọ ohun tó kù nínú àgbá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ọ̀kan ló kù, nọ́ńbà kejì, obìnrin.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló máa ń mú kí ojú tì í jù. Ó mọ̀ pé ọlẹ̀ mìíràn kì í dúró. Fún ọjọ́ mẹ́wàá, nínú bọ́ọ̀sì, nídìí ìdáná, lórí ìdúró níbi iṣẹ́, obìnrin yìí, tó ti fi ọdún mẹ́rìnlá ṣèrànwọ́ kí oyún lè dúró lára àwọn ẹlòmíràn, ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ kí oyún kan má dúró.

Oyún náà dúró. Nígbà tí sikáànì fi hàn pé obìnrin ni, dókítà fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún tọkọtaya náà pé sẹ́ẹ̀lì mélòó kan péré ni wọ́n yẹ̀ wò, pé àyẹ̀wò máa ń tàsé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé àwọn fúnra wọn ti fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì lọ sílé. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún kan, aránṣọ mú fọ́tò rẹ̀ wá kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri pẹ̀lú ti àwọn ọmọ yòókù tó ti ibẹ̀ wá. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín méjì. Màmá Ẹlẹ́rìí wò ó, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé, ta ni nǹkan ṣe? Ọmọ tó dé náà ni ọmọ. Ènìyàn lè fi irú ọ̀rọ̀ yẹn bo ojú ọgbẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Lọ́dún márùn-ún márùn-ún, ilé ìwòsàn máa ń kọ̀wé sí àwọn tó ní ohun kan nínú àgbá pé, kí ni ká ṣe sí i? Ní ọjọ́ Ajé kan, Ṣé-Ó-Dá-Ọ-Lójú gbé àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà lé e lọ́wọ́.

“Káfíńtà yẹn àti ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní ọmọ mẹ́ta ti tó wọn, ká da èyí tó kù nù. Obìnrin kan ni, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ló wí.

Nígbà náà ni ohun tó ti sùn fún ọdún márùn-ún jí sí i lára. Ọmọkùnrin tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún, tí wọ́n rò pé ó ti yí padà, ni wọ́n ń bọ̀ wá fọwọ́ sí pé kí wọ́n dà nù, láìmọ̀. Ọ̀nà àtidà á nù náà sì nìyẹn: ọ̀gá á fa ọ̀pá jáde, òun á kà á sókè. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ pé “èjì”, ọ̀gá á gbà, ọ̀rọ̀ á parí títí ayé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ohun tó sì ń bà á lẹ́rù ni pé ẹnu òun kò kọ̀ ọ́. Ó ti ń dán an wò lábẹ́ ahọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ ń wò ó bó ṣe ń mu tíì.

“Iyọ̀ lo bù sí i yẹn.”

“Mo mọ̀.”

“O mọ̀, o sì ń mu ún?”

“Ó ti wà nínú ife ná.” Ó gbé ife sílẹ̀. “Nígbà tó o ṣì ń kọ́ni, bí ọmọ kan bá ṣi ìṣirò ṣe, àmọ́ tí ìdáhùn tó kọ síbẹ̀ wá tọ̀nà, kí lo máa ń ṣe fún un?”

“Mo máa ń pè é kó wá ṣe é fún mi lójú pátákó.”

“Níwájú gbogbo kíláàsì?”

“Níwájú wọn ni, kẹ̀. Àbí abẹ́ àga ni pátákó wà?”

Ní Ọjọ́bọ̀, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé nǹkan kan ò bára mu nípa ọ̀pá àwọn káfíńtà, pé òun fẹ́ kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀gá wò ó títí, kò béèrè ohunkóhun, ó sì jẹ́ kó lọ.

Yàrá ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kéré. Àga mẹ́ta ló gbà, pẹ̀lú páálí bébà ìnujú lórí tábìlì. Káfíńtà wọlé pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi ní ìpéǹpéjú, inú rẹ̀ sì dùn. “Ẹ jẹ́ ká tètè fọwọ́ sí i o, Màmá. Ọ̀gá mi àgbà ní kí n wá mú òun nílé ìwé lágogo méjì, pé òun ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni ìkẹyìn.” Ọmọ ọdún mẹ́rin náà ló ń pè ní ọ̀gá rẹ̀ àgbà.

Màmá Ẹlẹ́rìí kò jókòó. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ohun tó wà nínú àgbá yẹn kì í ṣe obìnrin. Ọkùnrin ni. Nọ́ńbà kẹrin ni. Èmi ni mo ṣì í kà lọ́jọ́ náà.”

Káfíńtà ti fọ́ọ̀mù tó wà níwájú rẹ̀ sẹ́yìn.

“Ẹ dúró ná,” ni káfíńtà wí. “Èyí tó wà nílé ńkọ́?”

“Òun ni nọ́ńbà kejì.”

“Ṣé ọmọ wa ni?”

“Ọmọ yín ni, láti orí dé ẹsẹ̀. Òun kọ́ lẹ ní ká mú ni.”

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ó gbá itan rẹ̀. “Mo sọ ọ́! Mo sọ pé ọmọ yẹn máa ń gba iwájú àwọn ẹlòmíràn lórí ìlà! Àṣé láti inú yìnyín ló ti bẹ̀rẹ̀!”

Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. “Ìgbà wo lẹ mọ̀, Màmá?”

Gbogbo ọ̀nà láti ilé ni Màmá Ẹlẹ́rìí ti ń kọ́ ẹnu rẹ̀ ní ìdáhùn sí ìbéèrè yìí, òtítọ́ ló sì kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹnu náà, bíi ti ọjọ́ kìíní, ti ní tirẹ̀ ní ìpamọ́. “Ọjọ́ Ajé,” ló wí. “Nígbà tí mò ń yẹ àgbá wò.”

“Ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí.” Aránṣọ náà fọwọ́ lé ọwọ́. “Ó dáa. Ẹ wò ó, Màmá, inú mi ò bí yín torí ọkùnrin. Ọmọ mi wù mí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Màmá ọkọ mi ní ọkùnrin làwọn dókítà fi sí mi nínú. Wọ́n ní àwọn gan-an ló béèrè nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n ní inú mi ló pa á dà. Apààrọ̀ ni wọ́n ń pè mí nínú ilé. Àbúrò ọkọ mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì gbà á lẹ́nu ẹ̀. ‘Apààrọ̀, gbé omi wá. Apààrọ̀, má pààrọ̀ ìyẹn náà o.’ Nígbà tí Màmá ń kú lọ, wọ́n ní kí wọ́n má jẹ́ kí n wẹ àwọn, pé ọwọ́ mi lè sọ àwọn di nǹkan míì. Irọ́ ni mo pa?”

Ọkọ rẹ̀ ni ó bi. Káfíńtà ti gbàgbé ẹ̀rín. “Kì í ṣe irọ́,” ló wí. “Mo ní kí wọ́n dákẹ́.”

“Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún mẹ́rin. Mo kà á.” Ó tún yíjú sí Màmá Ẹlẹ́rìí. “Èmi gan-an gbà wọ́n gbọ́. Bí mo bá ń wẹ̀, màá wo ikùn mi báyìí, màá ní, kí lo ṣe ọmọ yẹn? Ká ní ẹ ti mọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ máa sọ fún mi, àbí?”

“Mo máa sọ, àbúrò mi.”

“Mo mọ̀. Ẹ ò rí bí ẹni tó lè fi irú ẹ̀ pamọ́.” Ó dìde. “Ẹ máa bá mi sọ ọ́ nílé. Lójú wọn. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.”

Káfíńtà mú fọ́ọ̀mù tí wọn kò fọwọ́ sí, ó ká a sápò. “Ẹ má da nǹkan kan nù ná,” ló wí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ sílé aládùúgbò. Àga inú pálọ̀ náà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ káfíńtà, wọ́n lágbára, ṣùgbọ́n kò tíì kun àwọn kan, nítorí pé ilé káfíńtà ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń parí sí kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó ní ìlà iwájú, obìnrin sísanra kan tó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó dá orúkọ Apààrọ̀ sílẹ̀, fara ti ògiri. Màmá Ẹlẹ́rìí sọ ọ́. Ó sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kúkúrú, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì: ọ̀pá méjì, nọ́ńbà méjì, òun pe nọ́ńbà kejì ní nọ́ńbà kẹrin, kò sí ohun tó ṣe inú obìnrin yìí, kò pa ohunkóhun dà.

Àbúrò náà kò fara ti ògiri mọ́. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ ara rẹ̀ díẹ̀ sí i.

“Ó ti kọjá,” ló wí níkẹyìn. “Màmá ti lọ sinmi. Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó kọjá sílẹ̀.”

“Kò tíì kọjá, Ẹ̀gbọ́n,” ni aránṣọ wí. “Lánàá yìí, níwájú géètì, kí lẹ fi pè mí?”

Páálí náà dúró.

“Ìyàwó wa, ẹ má bínú,” ni àbúrò náà wí. “Àwàdà ni mo fi ń ṣe.”

“Ẹ wá tún un ṣe báyìí ká jọ rẹ́rìn-ín.”

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, agbárí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ tábìlì. Ẹ̀gbọ́n kò lè kúnlẹ̀ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀. Ó pe aránṣọ ní orúkọ rẹ̀, orúkọ tí ẹnu rẹ̀ kò pè láti ọdún mẹ́rin, ó ní kó dárí ji àwọn. Ó wá rí ẹni tí òun lè kó ìyókù ìbínú rẹ̀ lé lórí. “Ẹ̀yin náà ẹ̀wẹ̀, Màmá! Èjì àti ẹ̀rin! Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀!”

“Òótọ́ ni, Mà.”

“Ẹ bà wá nílé jẹ́.” Ó mí kanlẹ̀, ó sì fọwọ́ nu ojú. “Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹlòmíràn á ti bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ Ajé lẹ rí i, Ọjọ́bọ̀ lẹ sọ ọ́. Irú yín ò pọ̀ mọ́.”

“Wọn ò pọ̀,” ni aránṣọ wí. Ó dìde, ó bu omi tútù wá nínú ife dígí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń gbé e fún un. “Ẹ mu ún, Màmá. Ọlọ́run á san án fún yín.”

Màmá Ẹlẹ́rìí gba omi náà, ó sì mu ún tán, nítorí pé bí kò bá mu ún, wọ́n á béèrè ìdí. Èébú ẹ̀gbọ́n ti fúyẹ́ lára rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbádùn rẹ̀. Ọpẹ́ ni kò rí ibi gbé e sí.

Lọ́jọ́ Ajé, Ṣé-Ó-Dá-Ọ-Lójú gbé fọ́ọ̀mù àṣìṣe fún un. Kò pariwo mọ́ ọn. Ó ti fúnra rẹ̀ wo inú àgbá, ó sì ti kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó yẹ kó mọ̀. “Kọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́,” ló wí. “Ìwọ mọ òfin. Ẹ̀dà kan á lọ sọ́dọ̀ aláìsàn.”

Ó kọ orúkọ, ó kọ ipò, ó kọ nọ́ńbà méjèèjì. Nísàlẹ̀, àpótí kékeré méjì wà. Nínú èkíní ni kí wọ́n kọ ọjọ́ tí àṣìṣe ṣẹlẹ̀. Nínú èkejì, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ó kọ ti èkíní láìdúró. Ó wá jókòó ti èkejì. Ọ̀gá jáde, ó wọlé, ó tún jáde. Màmá Ẹlẹ́rìí rò ó pé kò sí ẹni tó lè mọ̀. Ọ̀pá yẹn ti jóná lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Ó tún rò ó pé òun kò lè sọ títí ayé bóyá ẹ̀rí ọkàn ló mú òun sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ni, tàbí ẹ̀rù pé ọ̀gá lè fúnra rẹ̀ wo ọ̀pá náà lọ́tẹ̀ yìí. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ yìí nìkan ni kò sí ẹ̀rù kankan nínú rẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́, òun ló kọ ọ́.

Ó kọ ọjọ́ kan náà sínú àpótí méjèèjì.

Ọ̀gá kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì fi etí aṣọ nù ún fún ìgbà pípẹ́. “Bí èyí bá ti jáde kúrò níbí,” ló wí, “n kò ní lè gba iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ fún ọ.”

“Mo mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n fúnra mi gbé ẹ̀dà ti aránṣọ yẹn lọ fún un.”

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà kò jìnnà. Ibi tí bọ́ọ̀sì kejì ń dúró sí ni. Ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Obìnrin náà tẹ̀ síwájú lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fi abẹ́rẹ́ há ẹnu, ó ń fa etí aṣọ ilé ìwé kékeré kan gbọọrọ. Nígbà tó gbójú sókè tó rí ẹni tó dé, ojú rẹ̀ là, ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó kó àwọn aṣọ kúrò lórí àga kan, ó sì fi ọwọ́ nù ún.

“Ẹ̀yin ni, Màmá! Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó.”

Màmá Ẹlẹ́rìí dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó sì na ìwé náà sí i. “Ẹ kọ́kọ́ kà á,” ló wí. “Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ sọ bóyá kí n jókòó.”